Àbúrò rẹ̀ SS, òun ò tíì ṣe jẹnótáìpù: kí ni ìṣirò wí?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kubwa ni mò ń gbé. AS ni mí, mo ti ṣe é níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, AS náà ló ń jáde. Ẹni tí a jọ ń fẹ́ra, Kaduna ni wọ́n bí i sí, ará Ọ̀fà làwọn òbí rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ibà nìkan ló máa ń ṣe é, àmọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin SS ni, sickle cell ń ṣe é. Òun ò ṣe àyẹ̀wò rí, ó ní ara òun yá, AA lòun máa jẹ́. Mọ́mì mi ní ìdajì-ìdajì ni, bó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni, pé ìyẹn ò pọ̀, kí n lọ ṣègbéyàwó mi. Èwo ni kí n gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn.

*

Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ, àbúrò mi. Ẹni tó béèrè kó tó ṣègbéyàwó ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣe. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Lugbe níbí, àbúrò tèmi gan-an sì jẹ́ SS, torí náà mi ò ní fi ìwé nìkan dá ẹ lóhùn.

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jíìnì ẹ̀jẹ̀ méjì ni èèyàn ń jogún, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá: AA ò gbé S rárá, AS gbé S kan láìṣàìsàn, SS ló ní sickle cell. Ìbéèrè méjì ni wọ́n dà pọ̀. Ìkíní: báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé ọkùnrin yẹn gbé S lára? Ìkejì: bó bá gbé e, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé ọmọ yín máa jẹ́ SS? Ọ̀rẹ́ ẹ dáhùn ìkejì, ó ń ṣe bíi pé a ti mọ ìkíní. Mọ́mì méfò lórí ìkíní. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ ò dáhùn ìkankan, ara tó yá ló ń wò, bẹ́ẹ̀ S kì í fara hàn tó bá ti bá A pàdé lára èèyàn kan. Ẹni tó jẹ́ AS lè gbá bọ́ọ̀lù, kó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, kó bímọ, kó darúgbó, kó má mọ̀ láéláé pé òun gbé nǹkan kan.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ SS, tó túmọ̀ sí pé S kan wá látọ̀dọ̀ bàbá, S kejì wá látọ̀dọ̀ ìyá. Bí àìsàn yẹn ò bá sì ṣe bàbá tàbí ìyá, AS làwọn méjèèjì nìyẹn. Ká ní bàbá kọ A sórí bébà kan, ó kọ S sórí ìkejì, ó kó méjèèjì sínú fìlà rẹ̀, ìyá náà ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n wá fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan yọ fún ọmọ. Ohun tó lè jáde mẹ́rin ni: A bàbá pẹ̀lú A ìyá, A bàbá pẹ̀lú S ìyá, S bàbá pẹ̀lú A ìyá, S bàbá pẹ̀lú S ìyá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ibẹ̀ ni 1/4 tí gbogbo èèyàn ń kà lórí ti wá. Irú kíkà yìí náà ni Gregor Mendel fi tú àṣírí èso píìsì nínú ọgbà àwọn mọ́ńkì ní Brno, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń pe nǹkan kan ní jíìnì.

Wàyí o, ara ọkùnrin tìẹ le, ká gbà pé kì í ṣe SS. Pa ìkẹrin yẹn rẹ́. Mẹ́ta ló kù, S wà nínú méjì níbẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni pé ó jẹ́ AS. AA tó ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, ìdá kan péré nínú mẹ́ta ni. Wá gbé e síwájú: 2/3 lọ́nà 1/4, ó jẹ́ 2/12, ìyẹn 1/6. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà lónìí tí kò tíì ṣàyẹ̀wò, ìdá kan nínú mẹ́fà ni pé ọmọ tẹ́ ẹ bá bí á jẹ́ SS, bíi 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ tó bá ṣe àyẹ̀wò, 1/6 yẹn á di òdo tàbí kó di 1/4. Kò ní dúró síbi tó wà.

*

Mo rí i pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìdáhùn mi ṣì ń jà fún ìdajì, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ torí mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un wá. Nínú oyún tí AS àti AS bá ní, ìdajì ni AS lóòótọ́, méjì nínú mẹ́rin. Ká ní ìgbà tí ọkùnrin yìí ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ la béèrè, ìdajì là bá wí. Ṣùgbọ́n géńdé la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, a sì ti mọ ohun kan nípa rẹ̀ tí a ò mọ̀ nígbà yẹn, pé kì í ṣe SS. Ohun tí a mọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Ti àwọn tó ní "ó gbé e, kò gbé e, nítorí náà ìdajì", pé ọ̀rọ̀ kan ní ojú méjì ò sọ pé ojú méjèèjì fẹ̀ bákan náà.

Ẹnì kan bi mí pé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ṣe tiẹ̀ tó sì jẹ́ AA ńkọ́, ṣé kò ní dín ti àbúrò kù? Kò dín in. Ọmọ tó jẹ́ SS yẹn ti jẹ́ ká mọ ohun tí bàbá àti ìyá gbé, èsì ẹ̀gbọ́n ò fi nǹkan kan kún un. Kálukú ló fa bébà tiẹ̀.

Ohun kan wà tó lè da 2/3 yẹn rú o. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ SS tàbí SC (C jẹ́ jíìnì ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó lè bá S dá àìsàn sílẹ̀) tí àìsàn ọ̀hún ò le lára wọn, wọ́n á dàgbà, wọ́n á ṣiṣẹ́, kó tó di pé dókítà rí i. Torí náà "ara mi yá" kì í ṣe èsì àyẹ̀wò, bó ti wù kó yá tó.

*

Ẹnì kan ní ó dà bíi pé mò ń kó ẹ̀rù bá ọmọbìnrin yìí, pé gbogbo Nàìjíríà ló gbé S. Kì í ṣe gbogbo wa. Bí ẹni mẹ́rin ẹni mẹ́rin bá ń kóra jọ, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni AS. Ibà ló fà á. Anthony Allison ló fi hàn ní 1954 pé ọmọ tó jẹ́ AS ń rí ààbò lọ́wọ́ ibà tó le, torí náà níbi tí ẹ̀fọn bá ti ń pa ọmọdé, S ò ní tán. Kò sí ohun ìtìjú nínú AS. Àwọn kan ń sọ pé kí AA má fẹ́ SS torí gbogbo ọmọ wọn máa jẹ́ AS, lóòótọ́ gbogbo wọn ló máa jẹ́ AS, àmọ́ kí ni AS wá fi ṣe èèyàn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn.

Mú ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó pàdé ní Wuse, tí ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan kan nípa ìdílé wọn. 1/4 pé ọkùnrin jẹ́ AS, lọ́nà 1/4 pé obìnrin jẹ́ AS, lọ́nà 1/4 pé ọmọ wọn á jẹ́ SS, ó jẹ́ 1/64, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sún mọ́ ohun tí àwọn dókítà ń sọ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Nàìjíríà, pé bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní sickle cell. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ti gbọ́ pé ọkùnrin yẹn ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n SS, 1/4 tiẹ̀ ti fò di 2/3. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ bi àwọn àgbà nílé. Nígbà tí kò tíì sí láàbù, ọ̀pọ̀ ọmọ SS ló kú kí wọ́n tó rìn, àbíkú ni wọ́n pè é. Ìdílé tí Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrósinmí bá pọ̀ nínú orúkọ àwọn bàbá àti ìyá àgbà, ìyẹn ò tó ẹ̀rí o, nǹkan púpọ̀ ló ń pa ọmọ láyé ọjọ́un, àmọ́ ó tó ìbéèrè.

*

Ẹ̀gbọ́n kan láti Zaria bínú sí mi. Ó ní òun mọ tọkọtaya AS àti AS, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, kò sí SS kankan, pé ìwé làwa ń kà, ayé ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ayé rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni pé ọmọ kan ò ní jẹ́ SS. Ọmọ méjì, 3/4 lọ́nà 3/4, 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́ta, 42. Mẹ́rin, 32. Tẹ́ ẹ bá dé márùn-ún, ó ṣì kù bíi 24. Ìyẹn ni pé nínú tọkọtaya AS àti AS mẹ́rin tó bí ọmọ márùn-ún, ẹ máa rí bíi ọ̀kan tí kò rí SS rárá. Bí ẹ ò bá mọ irú wọn ni ó máa yà mí lẹ́nu. Àwọn yẹn ló máa ń sọ̀rọ̀ sókè ní ibi ìdána, ìyá tó ń sùn lórí àga ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ò ráyè wá jẹ́rìí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àṣìṣe kejì. "Ìdá kan nínú mẹ́rin, a ti bí ọ̀kan tó jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti yọ." Ohun tí wọ́n sọ fún ìyá mi ní Kaduna nìyẹn lójú mi, èèyàn tó kàwé ló sọ ọ́. Irọ́ ni. Bébà tí wọ́n fà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti dá a padà sínú fìlà. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, 1/4 ni lórí àkọ́bí, 1/4 ni lórí ìkarùn-ún. Tọkọtaya tó bí méjì tí méjèèjì jẹ́ SS wà, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni, kò sẹ́ni tó ṣépè fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé òkè Ọya níbí mọ bí ọyẹ́ ṣe ń mú ní Kaduna àti ní Jos. Òtútù yẹn wà lára ohun tó ń ta kráísìsì jí, ìyẹn ìrora líle tó máa ń kọlu àwọn SS. Bó bá ti di oṣù Dìsẹ́ńbà ni ìbẹ̀rù máa ń wọ ilé wa. Àbúrò mi á wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, á mu omi gbígbóná, síbẹ̀ lóru ẹ máa gbọ́ tó ń ké pé egungun òun, egungun òun, tí bàbá wa á sì jáde lọ wá ẹni tó ní mọ́tò. Nígbà tí mo bá ń kọ 1/4 sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ìyẹn ni mo ń rí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà tí kò tọ̀nà wọ inú ẹ̀.

*

Ìbéèrè tó dára wọlé láti ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá kan ní Suleja, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lórí ẹ̀. Ó ní ìyàwó òun AS, òun ò ṣe àyẹ̀wò rí, ẹ̀gbọ́n òun kú nígbà tó wà ní kékeré, SS ni, àwọn òbí òun ò sì ní àìsàn yẹn. Àwọn ti bí ọmọ mẹ́ta, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí SS níbẹ̀. Ṣé 2/3 yẹn ṣì dúró, nígbà tí mo ti ní ọmọ tí a ti bí ò yí nǹkan kan padà?

Ó yí i padà níbí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ rí ìdí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè, ti tọkọtaya tí a ti mọ̀ dájú pé AS àti AS ni wọ́n ni. Bọ̀ọ̀dá wa ò mọ tiẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tí kò jẹ́ SS ń sọ nǹkan kan fún wa nípa bàbá wọn.

Ẹ kó ọkùnrin 192 jọ tí ọ̀rọ̀ wọn rí bí tiẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, 128, jẹ́ AS, 64 tó kù jẹ́ AA. Gbogbo àwọn 64 yẹn ló máa bí ọmọ mẹ́ta láìsí SS, kò lè ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nínú àwọn 128, àwọn tó máa bí mẹ́ta láìsí SS jẹ́ 27 nínú 64, ó jẹ́ 54. Ẹ pa 64 pọ̀ mọ́ 54, ọkùnrin 118 ló bí ọmọ mẹ́ta bíi tiẹ̀, 54 nínú wọn sì ni AS. Ìyẹn jẹ́ 46 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti wálẹ̀ láti 67. Ọmọ kẹrin wá jẹ́ 46 lọ́nà 1/4, bíi 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dín kù, kò tán. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta yẹn jẹ́ SS ni, gbogbo ìṣirò yìí dópin, òun náà gbé S nìyẹn, ọmọ kẹrin di 1/4 gbáko.

Torí náà àwọn tó ń jà lókè yẹn, apá kan ní ọmọ tí a bí kò yí i padà, apá kejì ní ó yí i padà, ohun tí ẹ ń wò ò jọra ni. Ohun tí a mọ̀ ló ń yí nọ́ńbà. Bọ̀ọ̀dá Suleja lè fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ parí gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

*

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí láàbù, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà ní Abuja yìí jù.

Ọ̀pọ̀ ibi kéékèèké, tẹ́sítì tó kàn ń fi hàn pé S wà tàbí kò sí ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á wá fojú díwọ̀n AS tàbí SS. Ìyẹn ò tó láti fi ṣègbéyàwó. Ẹ béèrè fún ẹlẹ́kitirofọrẹ́sìsì, àyẹ̀wò tó ń ya A, S àti C sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ ẹ bá rówó ẹ̀ kẹ́ ẹ ní HPLC lẹ fẹ́, àyẹ̀wò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ibi tó tóbi bíi ọsibítù yunifásítì Abuja ní Gwagwalada tàbí National Hospital mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣe é níbi méjì tí kò mọ ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kó dúró tó bíi oṣù mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa kà. Mo mọ ẹnì kan tó fi ìwé AA láti láàbù kan ṣègbéyàwó, ọmọ kejì ló tú àṣírí pé AS ni.

Àwa Yorùbá tún ní tiwa. C. Nínú gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà, àárín wa ni C pọ̀ sí. AC àti AS bá fẹ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ á jẹ́ SC, bó ṣe wà fún SS gẹ́lẹ́. SC kì í sábà le tó SS láti kékeré, àmọ́ ó ń ba ojú jẹ́, ó ń ba eegun ìbàdí jẹ́, ó ń fa kráísìsì náà. Tẹ́sítì tó ń wá S nìkan ò ní rí C láéláé. Ẹni tí wọ́n kọ "kò sí S" fún tó sì jẹ́ AC á máa rìn kiri pé AA lòun.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fò: AA àti AS ò lè bí SS, ìyẹn là ń kọ́ ní kíláàsì, ó sì tọ̀nà. Àwọn ọkùnrin kan ti wá sọ ọ́ di idà. Ọmọ SS jáde, ìwé bàbá ní AA, wọ́n lé ìyàwó jáde. Ẹ jọ̀ọ́. Ìwé tí kò tọ̀nà ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ bàbá wò níbi gidi kí ẹ tó la ẹnu sí obìnrin kankan. Wallahi, mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fọ́ ilé.

*

Ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àwọn pásítọ̀ kan ò ní so AS àti AS pọ̀, àwọn kan á béèrè ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín káàdì ìgbéyàwó, àwọn lémọ̀ọ́mù kan náà ti ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì. Ní Kano, gómìnà fọwọ́ sí òfin ní 2024 pé kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, jẹnótáìpù wà nínú ẹ̀, HIV àti hẹpatáítìsì náà wà níbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ìwé dé nígbà tí ọkàn ti wọ ara wọn tán, tí wọ́n á wá máa wá láàbù tó máa kọ AA fún wọn. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ló yẹ kó mọ tiẹ̀, kó tó mọ ẹni tó máa fẹ́.

Ẹnì kan ní àwọn Hausa àti Fulani tó ń fẹ́ ọmọ ìbátan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, pé Yorùbá kì í fẹ́ ẹbí, a ti yọ. A ò yọ. Bó o bá gbé jíìnì kan tó fara pamọ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ gbé ẹ̀dà kan náà látọ̀dọ̀ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín. Tó bá jẹ́ jíìnì tó ṣọ̀wọ́n, bíi èyí tó ń fa àfín, 1/8 yẹn ju ti àjèjì lọ fíìfíì, ibẹ̀ ni fífẹ́ ẹbí ti ń pa èèyàn lára. S ní tiẹ̀ ti pọ̀ débi pé àjèjì tó o bá pàdé ní Nyanya ti ní 1/4. Ẹ ò nílò ẹbí kankan kẹ́ ẹ tó kó sínú ẹ̀. Ní ti àfín, òbí méjì tó dúdú lè bí i, ìṣirò kan náà ni, kí àwọn èèyàn fi àwọn ìyá wọn sílẹ̀.

*

"Ìwòsàn ti dé, kí lẹ tún ń bẹ̀rù?" Mo ti ń retí èyí.

Lóòótọ́, ní ìparí 2023, ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, tí wọ́n fi ń tún jíìnì ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun aláìsàn fúnra rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ lé e ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn jẹ́ $2,200,000 fún ẹnì kan. Ta ni yóò san án ní Kubwa?

Gbígba mùdùnmúdùn eegun lára ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ti wà tipẹ́, wọ́n ti ṣe é ní Nàìjíríà rí. Ìṣirò tún wà nínú ìyẹn náà. Kí ara ọmọ ìyá rẹ tó bá tìẹ mu fún un, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ SS, ìyẹn mẹ́ta nínú mẹ́rin, AS lè fún un. Jíìnì ìbáramu yẹn wà lórí króḿósóòmù kẹfà nínú àwọn okùn tó gbé jíìnì wa, ti ẹ̀jẹ̀ wà lórí ìkọkànlá, wọn ò so mọ́ ara wọn, torí náà 1/4 lọ́nà 3/4, 3/16. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí kan ń bímọ tuntun torí kí wọ́n lè rí ẹni tó máa fún èyí tó ń ṣàìsàn. Kí wọ́n mọ nọ́ńbà yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kéré sí ìyẹn: fólíìkì ásíìdì, oògùn tó ń dènà ibà, omi, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti háídírọ́síyúríà tí àwọn dókítà ní Kano àti Kaduna ti fi ṣe ìwádìí lára àwọn ọmọ SS láti dènà rọpárọsẹ̀. Àbúrò mi ń lo háídírọ́síyúríà, kráísìsì rẹ̀ ti dín kù gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ti fẹ́yàwó, AA ni ìyàwó rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi kó wá rò pé mò ń sọ pé kò yẹ kí irú rẹ̀ wà láyé. Mo fẹ́ kí àwọn òbí yan pẹ̀lú ojú tó là.

*

Ó ti padà wá, arábìnrin Kubwa wa. Ó ní ọkùnrin náà gbà láti ṣe é, ó wá béèrè pé bí AS bá jáde, ṣé kí àwọn pín?

Àbúrò mi, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má fẹ́ra bí ẹ bá fẹ́ bímọ bí gbogbo ayé ṣe ń bímọ. 1/4 ní oyún kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́ta, bíi 58 nínú ọgọ́rùn-ún pé ó kéré tán ọ̀kan máa jẹ́ SS. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn. Àwọn tó rówó ń ṣe IVF, ìyẹn pípa ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin ní láàbù, tí wọ́n ti ń yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá, owó ńlá ni, ó sì lè má dúró nígbà àkọ́kọ́. Àwọn kan gba ọmọ tọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ọ́ pọ̀, kẹ́ ẹ ti mọ iye rẹ̀, kí àwọn ìyá yín méjèèjì sì ti gbọ́, torí wọ́n ló máa kọ́kọ́ béèrè ọmọ.

Bí AA bá jáde, ẹ ti yọ kúrò nínú SS pátápátá, àwọn ọmọ yín máa jẹ́ AA tàbí AS, ìdajì-ìdajì. Mọ́mì lè wá gba ìdajì rẹ̀ níbẹ̀.

Kó tó lọ, sọ fún un kó ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, A, S, C, kó má gba ìwé tí wọ́n kàn kọ "kò sí S" sí. Kó bi bàbá rẹ̀ bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ lára rí, bó bá ti pé kò léwu. Kẹ́ ẹ jọ lọ gba èsì náà, kẹ́ ẹ má ti sanwó họ́ọ̀lù kankan títí ibi kejì á fi fún yín ní ìwé tiwọn. Bó bá jẹ́ AC ló jáde, tètè kọ̀wé sí mi, ìṣirò tìẹ máa yàtọ̀ nìyẹn, a máa tún un ṣe níbí.